Wọ́n ní àìnígbàgbọ́ ló pa ọkọ arábìnrin wa: kí ni ká sọ fún un?

Ìbéèrè, láti Bàrígà

Ẹ káàsán o, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ẹ káàsán, gbogbo ilé. Arábìnrin kan wà ní ìpàdé ilé wa níbí. Kòrónà pa ọkọ rẹ̀ ní ọdún 2020, láti ìgbà náà kò sì tẹ ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ́. A lọ kí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, ló bá tú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ síta: nígbà tó wà nínú ọ̀fọ̀, ọ̀kan nínú àwọn alàgbà wa pè é lórí fóònù, ó ní ká ní ọkọ rẹ̀ nígbàgbọ́ ni, kò ní kú, torí Sáàmù 91 kì í purọ́. Àwa tá a lọ kò rí nǹkan kan fi dá a lóhùn. Kí ni ká sọ fún un? Èyí tó tún wá ń dùn mí ni pé èmi fúnra mi ò mọ ibi tí mo dúró sí. Ṣé ìgbàgbọ́ ń dá àjàkálẹ̀ àrùn dúró àbí kì í dá a dúró? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bọpo bọyọ̀.

* * *

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Ẹ kú ìrònú o, ẹ̀yin ará Bàrígà. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ arábìnrin yìí, torí òun ló ń jìyà. Ìbéèrè kejì lè ní sùúrù.

Ohun tẹ́ ẹ máa sọ fún un kò gùn: “Ohun tí wọ́n sọ fún ẹ yẹn kò dáa, kì í sì í ṣe òtítọ́. Jọ̀ọ́, má bínú sí wa.” Ó parí. Ẹ má gbé Bíbélì dání lọ lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe pé Bíbélì kò wúlò o. Bíbélì ni wọ́n fi nà án lọ́jọ́sí, tó bá tún ti rí i lọ́wọ́ yín, etí rẹ̀ á ti di kẹ́ ẹ tó lanu. Alàgbà yẹn gan-an ló yẹ kó lọ, màá padà sórí ọ̀rọ̀ tiẹ̀.

Ní ti Sáàmù 91, èmi náà mọ̀ ọ́n sórí. Nígbà Kòrónà, láàárọ̀ lálẹ́ là ń kà á. Àwọn kan tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn. Àwọn kan á ti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí àkùkọ tó kọ. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Mátíù orí 4. Ta ló fa ọ̀rọ̀ Sáàmù yẹn yọ sí Jésù létí lórí ṣóńṣó tẹ́ḿpìlì, pé kó bẹ́ sílẹ̀, àwọn áńgẹ́lì á gbé e? Sàtánì ni. Jésù kò jiyàn pé irọ́ ni ẹsẹ náà. Ó kàn kọ̀, kò bẹ́. Ìlérí wà lóòótọ́. Pé kéèyàn wá fi ìlérí dán Ọlọ́run wò, ìyẹn ni Jésù ò ṣe.

Ẹ tún wo Pọ́ọ̀lù. Pọ́ọ̀lù tí wọ́n ń mú aṣọ ara rẹ̀ lọ bá aláìsàn tí ara wọn ń yá, òun náà ló sọ nínú 2 Tímótì 4:20 pé òun fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn. Èpáfíródítù ṣàìsàn, ó kù díẹ̀ kó kú. Inú ń yọ Tímótì lẹ́nu, Pọ́ọ̀lù ní kó máa lo wáìnì díẹ̀. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ni Pọ́ọ̀lù pè ní aláìnígbàgbọ́?

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè kejì nìyẹn. Ọlọ́run ń wo èèyàn sàn, mo gbà bẹ́ẹ̀, mo sì ti rí aláìsàn tí a ti gba kámú lórí ẹ̀ tó dìde. Ṣùgbọ́n Kòrónà pa pásítọ̀, ó pa ìmáàmù, ó pa dókítà, ó sì fi ọ̀mùtí àdúgbò sílẹ̀ tó ń jó kiri. Ẹni tó bá fẹ́ fi ikú wọn ìgbàgbọ́ èèyàn, yóò kọ́kọ́ ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

* * *

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Mo rí èsì yín. Bọ̀dá kan láti Agége ní ẹ̀yin nọ́ọ̀sì lẹ fẹ́ fi abẹ́rẹ́ rọ́pò Jésù, pé nígbà lùkúlùkú, ìyẹn àjàkálẹ̀ àrùn ińfúlúẹ́ńsà ọdún 1918, àdúrà làwọn baba wa fi ṣẹ́gun, kì í ṣe ilé ìwòsàn. Bọ̀dá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ mẹ́nu bà á. Ẹ jẹ́ ká wá sọ ìtàn náà délẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1918 ni àrùn yẹn bá ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ sí Èkó. Láti èbúté ló ti wọ ìgboro, ó sì bá rélùwéè gòkè lọ. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn kan nínú ìjọ Áńgílíkà St Saviour's kó ara wọn jọ, wọ́n ń gbàdúrà. Joseph Shadare ló ṣáájú wọn, olùkọ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Sophia Odunlami sì wà lára wọn. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Precious Stone ti jáde, ó sì wà lára gbòǹgbò ìjọ CAC tá a mọ̀ lónìí. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi. Màmá tó bí mi lọ́mọ, Aládùúrà ni.

Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé lọ́dún yẹn, dókítà òyìnbó pàápàá ò ní oògùn kankan fún un. Ọdún 1933 ni wọ́n tó rí kòkòrò tó ń fa irú àrùn yẹn lára èèyàn. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń ṣiṣẹ́ fún un. Lóòótọ́, wọ́n kọ oògùn pátápátá lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ oògùn àti ti ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ sì wà lára ohun tó yà wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà ní nǹkan bí ọdún 1922. Ẹ ò rí i pé àríyànjiyàn tí à ń ṣe yìí ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún? Àwọn onígbàgbọ́ gidi wà lápá méjèèjì nígbà yẹn, wọ́n ṣì wà lápá méjèèjì báyìí. Ṣùgbọ́n aláìsàn làwọn Shadare dìde fún. Ẹ fi èyí wé alàgbà tó pe opó lórí fóònù láti sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ló fà á.

Ní ti abẹ́rẹ́ àti Jésù, mi ò mọ ẹni tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Lúùkù, dókítà ni. Èmi a máa kúnlẹ̀ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, lẹ́yìn náà ni mo máa ń ka déètì ìparí tó wà lára páálí oògùn.

* * *

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Ó dáa. Ẹ ti wọ́ ọ débi ìtìpa ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì mọ̀ pé a máa débẹ̀. Èrò tó pọ̀ jù níbí ni pé inúnibíni ni, pé kí nìdí tí ọjà fi ṣí tí ilé Ọlọ́run fi wà ní títì.

Ẹ jẹ́ ká rántí bó ṣe lọ. Ọjọ́ 27 oṣù kejì 2020 ni àyẹ̀wò fìdí aláìsàn àkọ́kọ́ múlẹ̀, ará Ítálì kan tó gba Èkó wọlé. Yábà ni wọ́n ti tọ́jú rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 18 oṣù kẹta, ìjọba Èkó ní ìjọsìn kò gbọdọ̀ ju àádọ́ta èèyàn lọ. Agogo mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù náà ni kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 12 oṣù kẹrin, kò sì sẹ́ni tó kọ orin Àjíǹde nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún yẹn àfi àwọn díẹ̀ tó ń gbé e sáfẹ́fẹ́. Ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ni wọ́n tú wa sílẹ̀ díẹ̀, ọjà ṣí, báńkì ṣí, ṣọ́ọ̀ṣì wà ní títì. Lóṣù kẹfà, wọ́n ní ká ṣí lọ́jọ́ 21. Àwọn ìjọ ra garawa, wọ́n ra ọṣẹ, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí àga máa wà. Ó ku ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ní ká tún dúró ná. Ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ la tó wọlé, ìdajì iye tí ilé gbà péré.

Ti oṣù kẹfà yẹn dùn mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jẹ́ ká fi ọpọlọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Oyíǹgbò, o dé ìdí alátà, o ná an, o sanwó, o kọjá. Ìta gbangba ni. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wákàtí mẹ́ta la fi ń jókòó síbì kan náà, à ń kọrin tagbáratagbára, fáànù ń fẹ́ èémí ẹni tó wà níwájú sí tẹni tó wà lẹ́yìn, pásítọ̀ á wá ní, “Di ọwọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ mú, wí fún un pé o ò ní kú!” Àrùn tó ń bá èémí rìn, ibo lẹ rò pé ó máa fẹ́ràn jù?

Arákùnrin kan gbé Hébérù 10:25 wá, pé ká má kọ ìpéjọpọ̀ wa sílẹ̀. Ẹsẹ tó dáa ni. Àmọ́ Aísáyà 26:20 náà ní káwọn èèyàn Ọlọ́run wọ inú yàrá lọ, kí wọ́n sé ilẹ̀kùn mọ́ra títí ìbínú á fi kọjá. Léfítíkù orí 13 sì ti ń ya ẹni tí wọ́n bá fura sí àrùn ara rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọjọ́ méje kó tó di pé Èkó ní gómìnà. Bá a bá fẹ́ fi ẹsẹ jà, ilẹ̀ á ṣú bá wa níbí.

* * *

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Ẹnì kan béèrè pé ṣé mò ń sọ pé àwọn wòlíì ò ran èèyàn lọ́wọ́ rárá ni. Àwọn kan ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí ojú mi rí.

Kẹ́míìsì ni mo ní, ní Ẹbúté-Mẹ́ta. Lóṣù kẹta 2020, lẹ́yìn tí Donald Trump tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà yin kúlórókúìnì, kíá ló di ọ̀wọ́n ní gbogbo Èkó. Àwọn kan gbé e mì kọjá ààlà, wọ́n bá ara wọn ní ọsibítù, ìjọba Èkó sì pariwo síta pé káwọn èèyàn ṣọ́ra. Àkókò yẹn ni màmá kan wọlé, ó fi bébà kékeré kan lé mi lọ́wọ́. Wòlíì rẹ̀ ló kọ ọ́: òróró ólífì, àbẹ́là funfun, kúlórókúìnì. Ó fi báírò pupa fa ìlà méjì sábẹ́ kúlórókúìnì. Mo bi màmá bóyá wọ́n ní àìsàn kan tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n tún ní ọkàn àwọn kì í lù dáadáa. Mo kó òróró àti àbẹ́là sínú nylon, mo fi kúlórókúìnì sílẹ̀ lórí pẹpẹ. Inú bí wọn. “Nọ́ọ̀sì, ìwọ náà ò nígbàgbọ́?” Mo ní, “Mo ní in, mà. Oògùn yìí ló lè da ọkàn yín rú.” Wọn ò dáhùn, wọ́n ká bébà wọn, wọ́n lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ṣì ń rà á títí dòní.

Irú èyí kì í ṣe tuntun ní Èkó. Ní 2014, ọ̀rọ̀ kan kàn jáde lóru pé ká fi omi iyọ̀ wẹ̀, ká sì mu ún, pé ó ń lé Ebola. Kílẹ̀ tó mọ́, àwọn èèyàn ti ń kanlẹ̀kùn ara wọn. Ohun tó dá Ebola dúró níbí ni pé Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kọ̀ jálẹ̀, kò jẹ́ kí Patrick Sawyer, ará Làìbéríà tó kó àrùn náà wọ Èkó, jáde ní ọsibítù, àti pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọpa gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn, láti ilé dé ilé. Ó gba ẹ̀mí dókítà náà. Bí wọ́n bá bi mí léèrè bí ìfẹ́ ọmọnìkejì ṣe rí nígbà àjàkálẹ̀ àrùn, mi ò ní lọ jìnnà.

* * *

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìṣírí, torí ó jọ pé àwọn kan rò pé ìwàásù orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni ìṣírí tí ìjọ rí fún wa nígbà kónílé-ó-gbélé. Ẹni tó ní dátà nìyẹn o! Ní ìpàdé ilé tiwa, télọ̀ wà níbẹ̀, awakọ̀ dánfó wà níbẹ̀, àwọn tó ń ta aṣọ ní Bàlógun tí ọjà wọn wà ní títì wà níbẹ̀, àwọn ìyá àgbà tó ń lo fóònù olótọ́ọ̀ṣì náà wà níbẹ̀. Owó wo ni wọ́n fẹ́ fi ra dátà fún ìsìn wákàtí méjì nígbà tí wọn ò rí owó gààrí?

A pín orúkọ láàárín ara wa. Kálukú ní àwọn tó ń pè lójúmọ́, òfin kan ṣoṣo sì wà: kó o tó gbàdúrà, bi wọ́n pé kí ni wọ́n jẹ. Arábìnrin kan wà tó máa ń sọ fún mi pé, “A dúpẹ́, Àǹtí, a ti jẹun,” ọmọ rẹ̀ kékeré á sì kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Mọ́mì, a ò tíì jẹun!” Ọmọ yẹn ló gba ilé náà là. Aago mẹ́wàá sí méjì lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá ni ọjà oúnjẹ fi ń ṣí, ẹni tó bá ráyè á ra gààrí, ẹ̀wà àti òróró, á pín in sínú nylon, á fi kọ́ sára géètì onítọ̀hún, á kàn tẹ fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó mọ̀. Àdúrà wá ń dùn ún gbà lẹ́yìn ìyẹn. Jákọ́bù ti sọ èyí ní orí 2, pé kí làǹfààní kéèyàn sọ fún ẹni tí ebi ń pa pé kó máa lọ ní àlàáfíà.

Mo rí ẹni tó kọ ọ́ pé ní ìjọ tòun, ọmọ ìjọ nìkan ni wọ́n pín ìrẹsì fún, àwọn tó ń san ìdámẹ́wàá déédéé ló sì kọ́kọ́ gbà. Ẹnì kan fèsì pé kò burú, pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ó burú o! Nínú ilé fẹ́ẹ̀sì-mí-áì-fẹ́ẹ̀sì-yú, báwo lẹ ṣe fẹ́ gbé ìrẹsì kọjá níwájú yàrá Ìyá Sikírá kẹ́ ẹ lọ fún yàrá tó tẹ̀ lé e? Ààwẹ̀ Ramadan bá wa nínú kónílé-ó-gbélé yẹn. Àwọn kan nínú ìyá àdúgbò tí a fún ní ẹ̀wà lóṣù kẹrin, àwọn náà ló gbé sàárì wá fún wa.

Ẹ sì rántí òru inú oṣù kẹrin yẹn, nígbà tí ìròyìn jáde pé àwọn ọmọ Awawa, ẹgbẹ́ ọmọ ìta tó ń jalè, ń bọ̀, ní Agége, ní Ìyànà-Ìpájà, ní Ifákò? Táyà ni wọ́n ń dáná sun ní ìkòríta, bàbá onítáàsì Mùsùlùmí àti díákónì jọ di igi mú. Kò sẹ́ni tó béèrè ìjọ ẹnikẹ́ni.

* * *

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Ẹ jẹ́ n yára dáhùn àwọn wẹ́wẹ́ yìí.

Oúnjẹ Olúwa nílé, pẹ̀lú bísíkíìtì àti sóòbò: ẹ bi pásítọ̀ yín. Tiwa fàyè gbà á, ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò gbà á, kò sì sẹ́ni tó ti ibẹ̀ lọ sí ọ̀run àpáàdì.

Ọrẹ nípasẹ̀ báńkì: kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó bí mi nínú ni nọ́ńbà àkáǹtì tó wà lójú fídíò láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé òpin, lọ́dún tí ebi ń pa àwọn tó ń wò ó.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára àti 666: abẹ́rẹ́ náà wọ Nàìjíríà lọ́jọ́ 2 oṣù kẹta 2021. Mo gbà á. Ẹ lè wá wo iwájú orí mi ní ṣọ́ọ̀bù.

* * *

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Ará Bàrígà ti padà wá. Ó ní wọ́n ti bá alàgbà náà sọ̀rọ̀, ó ní òun ò ní tọrọ àforíjì, torí Bíbélì lòun kà, òun ò búni. Ó ní kí ìjọ kọ lẹ́tà sí arábìnrin náà pé kó padà wá.

Ẹ má kọ lẹ́tà kankan. Alàgbà tó bá kọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún pásítọ̀ yín, kó sì jẹ́ níkọ̀kọ̀. Ẹ má sọ arábìnrin yìí di ẹjọ́ tí ẹ ń rò nípàdé àwọn àgbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kò dáa, ẹ lọ, kẹ́ ẹ má ju méjì lọ, kí obìnrin wà nínú yín. Ẹ sọ gbólóhùn tí mo sọ lókè yẹn, kẹ́ ẹ sì jókòó. Tó bá sunkún, ẹ má sọ pé “ó tó.” Tó bá bú yín, ó lẹ́tọ̀ọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi í nípa ọkọ rẹ̀. Ẹ pe orúkọ rẹ̀. Ẹ bi í bí wọ́n ṣe pàdé, irú ẹ̀fẹ̀ tó máa ń ṣe, orin tó fẹ́ràn. Mo rò pé ibi tí ọgbẹ́ yẹn wà gan-an nìyí, àti pé ọ̀rọ̀ alàgbà kàn fi ata sí i ni. Ẹ ronú sí bí wọ́n ṣe ń sìnkú ẹni tí Kòrónà pa lọ́dún náà. Mọ̀lẹ́bí ò lè wẹ òkú, wọn ò lè wọ̀ ọ́ láṣọ. Àwọn tó wọ aṣọ ike látòkè délẹ̀ ló gbé e. Kò sí àìsùn, ẹgbẹ́ akọrin ò dúró nídìí pósí, ìjókòó ọjọ́ kẹjọ ò wáyé, ìdáná fún àlejò náà ò sí. Ọkùnrin tó sin ìjọ yín fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò rí ìsìn ìkẹyìn gbà lọ́wọ́ yín. Opó rẹ̀ dá nìkan jókòó sílé, ìpè tó sì wọlé ni ti alàgbà.

Nítorí náà, ẹ bi í bóyá á fẹ́ ká ṣe ìsìn ìrántí fún ọkọ òun. Ní ilé rẹ̀ ni o, kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, àfi tó bá fúnra rẹ̀ ní òun fẹ́ ẹ níbẹ̀. Òun ni kó yan orin. Òun ni kó sọ ẹni tó máa wá. Tó bá ní òun ò fẹ́, ẹ fi sílẹ̀, ẹ padà lọ kí i lóṣù tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ má tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ìbéèrè yín tó kẹ́yìn, pé tó bá ní òun á máa jọ́sìn àmọ́ kì í ṣe lọ́dọ̀ yín ńkọ́? Ẹ bá a wá ìjọ tó sún mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sin ín lọ lọ́jọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́, tẹ́ ò dárúkọ wọn látòkè? Ta ló ń san owó ilé ìwé wọn? Ẹ wádìí ìyẹn kẹ́ ẹ tó lọ, kẹ́ ẹ má baà dé ọ̀hún lọ́wọ́ òfo.